Ìjàpá Ṣojú Ìlú Lọ sí Ìsun Omi

Àlọ́ o!

— Àlọ̀.

Ẹnu kọ́ lẹ fi dáhùn yẹn, imú ni. Ó rẹ̀ yín, ó rẹ èmi náà. Láti ìdájí ni mo ti wà lórí ìdúró, ohùn mi ò sì ròkè, nítorí náà ẹ sún mọ́ mi. Bàbá Ọláwoyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga yín wá síwájú kí n má baà máa pariwo. Ṣíjúwadé, jí àbúrò rẹ. Àlọ́ o!

— Àlọ̀ o!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi ò fò, kò sáré. Ó rọra ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó bà lé Ìjàpá lórí. Ó tún dìde, ó bà lé Ẹtu, abiyamọ.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, àárẹ̀ kan mú gbogbo ìlú. Kì í ṣe àìsàn tó ń dáni dùbúlẹ̀, kì í sì í ṣe àlàáfíà. Wọ́n á sùn, wọ́n á jí, á dà bí ẹni pé wọn ò sùn rárá. Ẹnì kan á ní "Ẹ kú àárọ̀," èkejì á ní "Hùn-ùn." Erin tó jẹ́ olórí ìlú, tó bá fẹ́ dìde lórí ìjókòó, á kọ́kọ́ rò ó wò ná.

Báwo ni kò ṣe ní rẹ̀ wọ́n? Omi àbàtà ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń mu. Inú àbàtà yẹn náà ni Ìmàdò ti ń yí gbiri, ibẹ̀ ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Oúnjẹ wọn, díndín láàárọ̀, díndín lálẹ́, epo á máa kán tótótó. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á jókòó. Tí wọ́n bá jókòó tán, wọ́n á fẹ̀yìn tì. Ẹ má wo ara yín lójú o. Ìtàn ẹranko ni mò ń sọ.

Nǹkan kan wá wà nílùú yìí tí kì í dúró de ẹni tó rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú koríko gbẹ, iná ìgbẹ́ máa ń jó dé ìlú wọn. Bí wọ́n bá ti rí èéfín, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gun òkè àpáta tó wà níhà ìlà oòrùn kí iná tó dé. Òkè náà ga. Lọ́dún tó kọjá, Àgbọ̀nrín ò lè gùn ún. Nígbà tí àwọn yòókù padà dé, ìwo rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá.

Ọ̀rọ̀ Àgbọ̀nrín yìí ni kì í jẹ́ kí Ẹtu sùn. Ẹsẹ̀ Ẹtu ti wú. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, tó bá fi fò báyìí, ẹ ò ní rí i títí táá fi balẹ̀! Ó sì ní ọmọ kan, ọmọ ọwọ́, tí kò tíì mọ ìrìn. Ẹtu á wo òkè yẹn, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidi.

Ẹyẹ àgbàlagbà kan wà, Ìyá Lékèélékèé, létí ìsun omi ló ń gbé, òun ló sì máa ń bá wọn wo aláìsàn. Lọ́jọ́ tó fò wá sílùú, Ẹtu lọ bá a, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yìí."

Lékèélékèé fi ẹnu tẹ ẹsẹ̀ náà. Ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún.

"Omi wo lò ń mu?"

"Ti àbàtà ni, Ìyá."

"Má mu ún mọ́. Ti ìsun ni kó o máa mu, òun ló mọ́. Dín díndín kù, dín iyọ̀ kù. Jẹ tètè, jẹ ẹ̀wà, jẹ èso. Láràárọ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá sí ìsun. Má sáré o. Rọra rìn ni."

Ẹtu ń retí kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. 

"Ìyá, ṣé kò sí àgúnmu tá a máa fi tì í lẹ́yìn?"

"Kò sí."

"Gbẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Ọmọ mi, mo ní kó o máa rìn."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ nílùú, kò sì dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n pàdé lábẹ́ igi ọ̀dán. Erin mí kanlẹ̀, ó ní, "Ta ló ní agbára tó máa fi rìn lọ wá agbára?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìjàpá wà ní ìdí igi níbẹ̀. Ẹ sáà mọ Ìjàpá. Kò roko rí, ebi ò sì pa á rí. Ó yọ orí síta.

"Bàbá wa Erin, ẹ jẹ́ n bi yín. Níjọ́ tí àna yín ń sọmọ lórúkọ, tó rẹ̀ yín, ta lẹ rán lọ?"

"Mo rán àbúrò mi kó lọ ṣojú mi."

"Ṣé àna yín sọ pé ẹ ò wá?"

"Rárá o. Wọ́n ní mo ṣeun, mo káre."

"Ìmàdò, òkú tí wọ́n sin lápá odò ńkọ́? Ṣé o dé ibẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi lọ."

"Wọ́n fún ẹ lóúnjẹ àbí wọn ò fún ẹ?"

"Wọ́n pọ́n ọn sínú ewé ránṣẹ́ sí mi."

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló wá dé tá a fẹ́ pa ara wa? Èmi á ṣojú gbogbo ìlú níbi ìsun. Màá mu omi fún yín, màá jẹ tètè àti èso fún yín, màá rìn fún yín. Ìyá ní kí á rọra rìn ni. Ẹ sọ fún mi, ta ló rọra ń rìn jù mí lọ nílùú yìí?"

Wọ́n wo ara wọn. Lóòótọ́, kò sí.

"Àmọ́ ẹ ò ní rán mi lọ lọ́wọ́ òfo o. Tètè, ẹ̀wà, èso tí màá jẹ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa gbé e wá. Ẹ sì bá mi fi iyán àti ẹran díndín díẹ̀ kún un fún èmi alára. Iṣẹ́ ńlá ni o."

Inú wọn dùn! Orí ìjókòó ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìjàpá gbé akèrègbè kọ́ ọrùn, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Olúkúlùkù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo rìn fún Erin o,
— Tẹ̀rẹ́tẹ̀!
Mo mu fún Ẹtu o,
— Tẹ̀rẹ́tẹ̀!
Ẹ jókòó sílé o,
— Tẹ̀rẹ́tẹ̀!
Ara yín á le o,
— Tẹ̀rẹ́tẹ̀!

Ó kọrin títí ó fi yà ní kọ́nà. Bó ṣe yà tán, ó wọ abẹ́ igbó, ó gbé orí sínú, ó sùn. Ọ̀sán pọ́n kó tó jí. Ó pọn omi àbàtà sínú akèrègbè kí wọ́n lè rò pé ó dé ìsun, ó jẹ iyán, ó jẹ ẹran. Ẹ̀wà àwọn aráàlú, ó fi din àkàrà. Tètè wọn, ó dà á sígbó. Ó wá ń wọ́ bọ̀ wálé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Erin á bi í pé, "Báwo ni mo ṣe ṣe lónìí?"

"Ẹ ṣe dáadáa, Bàbá! Ẹ rìn ju ti àná lọ."

Erin á fẹ̀yìn tì, á ní òun náà ti ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún oṣù méjì gbáko nìyẹn.

Ẹtu nìkan ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó lọ bá Ìjàpá. "Ìjàpá, ẹsẹ̀ mi tún wú sí i."

"Ẹ̀wà tó ò ń gbé wá ló kéré. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mò ń bá ọ rìn o, Ẹtu. Ṣé o rò pé eré ni?"

Ẹtu padà sílé, ó kó ẹ̀wà tó fẹ́ gbìn, ó gbé e fún un. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ jìn wọnú. Ẹtu ronú títí, ó ní, "Hàà, mi ò rán Ìjàpá pé kó máa mu ti ọmọ mọ́ ọn!" Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìjàpá ti kọrin kọjá lọ. Ẹtu pọn ọmọ, ó ní òun á lé e bá níbi ìsun. Ó rìn díẹ̀, ó sinmi. Ó rìn díẹ̀, ó jókòó, ó sunkún, ó tún dìde. Bó ṣe ń lọ, ó ń ṣe é ní kàyéfì pé koríko ti bo ojú ọ̀nà.

Nígbà tó dé ìsun, Lékèélékèé nìkan ló bá.

"Ìyá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìjàpá dà?"

"Ìjàpá wo?"

"Ìjàpá tó ń wá láràárọ̀, tó ń bá wa rìn."

Ìyá Lékèélékèé ní, "Láti oṣù méjì, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa rí lójú ọ̀nà yìí."

Ẹtu jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó bínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Gbogbo ẹ̀wà yẹn! Ó bojú wo omi ìsun náà, ó mọ́ débi pé ó ń rí òkúta ìsàlẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún ọmọ. Ó mu tirẹ̀.

"Báwo lo ṣe dé ibí?" Lékèélékèé bi í.

"Mo fẹsẹ̀ rìn ni."

"Ó dára. Pọn omi lọ fún ọmọ, máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́. Lọ́la, kó o tún wá."

Ẹtu padà délé, ó sọ ohun tó rí fún gbogbo ìlú. Ìjàpá fò dìde. "Ẹ̀yìn àpáta ni mo wà! Ẹtu ò fẹ́ san ẹ̀wà mọ́ ni!" Ìmàdò ní kí Ẹtu yéé ba ti ìlú jẹ́. Erin ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Wọ́n gbà á gbọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn gbà á gbọ́, àwọn fúnra wọn ló máa rìn lọ́la. Wọn ò lè ṣe é.

Ẹtu ò bá wọn jà. Ó ń lọ láràárọ̀. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbà méje ló ń sinmi lọ́nà. Nígbà tó yá, ó di mẹ́ta. Ìgbẹ́ ọmọ dáwọ́ dúró. Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í rí egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé àárẹ̀ náà lọ pátápátá. Àwọn àárọ̀ kan wà tó ń jí bí ẹni tí wọ́n nà. Á kàn dìde náà ni, á máa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èéfín yọ.

Gbogbo ìlú dà sójú ọ̀nà òkè. Erin ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ní ìdajì òkè, Ìmàdò jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mo ń bọ̀." Títí di òní olónìí, ó ń bọ̀.

Ìjàpá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ti sanra débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè yọ jáde dáadáa nínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹtu, tó kọ́kọ́ lọ gbé ọmọ nílé, dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná ti ń ta pàràpàrà lẹ́yìn wọn.

"Ẹtu, ọ̀rẹ́ mi àtàtà! Gbé mi pọ̀n!"

"Ọmọ wà níbẹ̀."

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná! O lè padà wá gbé e!"

Ẹtu yí ẹ̀yìn sí i. Ó so ọ̀já rẹ̀ le, ó ń gun òkè lọ. Kò sáré. Ó ń rìn, ó ń mí, ó ń rìn, títí ó fi dé orí òkè tòun tọmọ.

Ìjàpá ń ké nísàlẹ̀ pé, "Bàbá Erin! Ẹ rán ẹnì kan sí mi o!"

Lórí òkè, wọ́n wo ara wọn. Ta ni wọ́n fẹ́ rán? Kò sẹ́ni tó lè dìde.

Ìjàpá kó ara wọnú igbá, iná sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò kú. Igbá rẹ̀ ló dúdú, tó sán kélekèle. Nígbà tó yọjú, kò sí iyán, kò sí àkàrà, kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan wá. Ewé tó ń hù lẹ́yìn iná ló ń já jẹ. Ìrì ló ń lá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wọ́ lọ sọ́nà ìsun, ó sì gbà á ní oṣù kan gbáko.

Lékèélékèé rí i, ó ní, "Ìjàpá, ta lo ṣojú fún lónìí?"

"Ara mi ni, Ìyá."

Ó mu omi, ó sì ń mu ún lọ títí. Ẹ wò ó, Ìjàpá yìí ló wá pẹ́ láyé ju gbogbo wọn lọ. Inú mi ò dùn sí apá ibẹ̀ yẹn. Ó ṣe mí bíi pé kí n yí i padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pa á fún mi nìyẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ lè rán èèyàn lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ lè rán an lọ síbi òkú, àmọ́ ẹ ò lè rí ẹni tó máa bá yín ní ìlera. Ẹ̀yin lẹ máa mu omi tó mọ́, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa rìn, kódà lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín gan-an ni.

Bí mo bá parọ́ nínú àlọ́ yìí, kí orúnkún mi má gbé mi kúrò lórí ẹní. Bí mi ò bá parọ́... Rárá, Ṣíjúwadé, má fà mí lọ́wọ́. Fi mí sílẹ̀. Mò ń dìde.