Ilẹ̀ Tí Fálùyì Kò Béèrè

Iná-kékeré-ń-tàn àti Wáyà-ń-jẹ-lábẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ló ṣíwájú ọ̀rọ̀ tí a yẹ̀ wò fún Fálùyì ará Ẹ̀fọ̀n, ní ọjọ́ tí sítíárìn ọkọ̀ rẹ̀ le mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè, tí kò mọ ẹni tí yóò ké pè.

Ohun tó ń ba Fálùyì nínú jẹ́ gan-an kì í ṣe ọkọ̀. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ni. Kíndìnrín obìnrin náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ kan ní ilé ìwòsàn ní Adó ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ, dókítà ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Adó ń lọ́ kiri láàárín àpáta, ọ̀gbun sì wà lápá kan rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Adó, iná pupa kan tàn níwájú Fálùyì, àwòrán sítíárìn ló wà lára rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, sítíárìn tó máa ń fi ọwọ́ kan yí di òkúta. Gbogbo èjìká ló fi yí i kí wọ́n tó já kọ́ọ̀nà náà kọjá. Ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tún un tan. Iná lọ, sítíárìn rọ̀. Wọn kò tí ì rìn jìnnà tí ó tún fi dé.

“Bàbá Mojí,” ni Ìbídùn wí láti ẹ̀yìn, “ṣé ó ti rẹ ọkọ̀ náà bó ṣe rẹ̀ mí ni?”

Fálùyì tún pa ẹ́ńjìnnì, ó tún un tan. Kò ní ọkọ̀ mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Akínlolú ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá títì. Bàbá bàbá Akínlolú ló ń yẹ ọ̀ràn wò fún ìlú nígbà ayé rẹ̀. Akínlolú kò jogún ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹnu ló jogún. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ bátìrì, ẹ ó rò pé àìsàn ọmọ ọba ló ń sọ. Ìyá Adétòkí, tó ń fi ọkọ̀ kó ọsàn lọ sọ́jà, jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Irú ọkọ̀ kan náà ni tirẹ̀, iná kan náà ló sì ń tàn níwájú rẹ̀.

Akínlolú so ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárìn, ó ka ohun tó kọ síbẹ̀. Ó fi mítà wo bátìrì: bátìrì yó dáadáa. Ó ní kí Fálùyì tan ẹ́ńjìnnì, kó tan iná iwájú, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì. Ó wá fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí bátìrì, ó fi ìkejì kan irin ara ọkọ̀. Nọ́ńbà tó yẹ kó dúró sí òdo fò sókè. Akínlolú mi orí.

“Bàbá, sítíárìn yín yìí kò mu ọ́ìlì rárá, iná ló ń mu. Iná ń jáde nínú bátìrì, kò rí ọ̀nà padà sílé. Ebi ló ń pa mọ́tò kékeré tó ń bá yín yí i. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ni.”

“Kí ni o pè é?”

“Ilẹ̀ ni mo rí. Ó pẹ́ tí ilẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ ò mọ̀. Ẹbọ tí ẹ ó rú ni pé kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi lónìí àti lọ́la, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ẹ ó wá gbé e. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì sínú ohunkóhun. Bí ilẹ̀ bá ti rí tirẹ̀ gbà, ó parí.”

Gbogbo ríwáyà ìlú náà ló ń pe wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ní ilẹ̀. Fálùyì kò mọ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn tirẹ̀: ilẹ̀ bàbá wọn lẹ́bàá ọ̀nà, tí Fálùyì ti mọ ọgbà yí ká láti ọdún méjì, tó sì mọ ìpín Ògúndáre àbúrò rẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn mọ́.

“Ta ló rán ọ sí mi?” ni Fálùyì wí.

“Kò sí o, Bàbá. Mítà ló sọ pé...”

“Mítà! Mítà ló mọ ilẹ̀ bàbá mi? Ògúndáre ti wá síbí! Ó ti fún ẹ ní nǹkan jẹ!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀,” ni Ìyá Adétòkí wí. “Ẹ bi í pé ilẹ̀ wo.”

“Ìyá, ẹ gbájú mọ́ ọsàn yín.”

Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàgà. Bí ó ti ń jáde, ó gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀: “Èmi ńkọ́, ọmọ mi? Bí tèmi náà bá jẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ wo?”

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gìríìsì ni Fálùyì gbà lọ. Ogójì ọdún ni baba náà ti fi ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

“Wọ́n fi mítà wo sítíárìn? Ṣé ibà ló ń ṣe é ni? Ọ́ìlì rẹ̀ ló tán.”

Ó wá ike ọ́ìlì sítíárìn káàkiri inú ọkọ̀ náà. Kò rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Ike kan ṣá wà, ike ọ́ìlì bíréèkì. Ó da ọ́ìlì sítíárìn sínú rẹ̀, ó dé e. “Ó ti yó,” ló wí. Fálùyì tan ọkọ̀, sítíárìn rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìkùukùu bo òkè. Fálùyì tan iná iwájú. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, iná pupa tàn, sítíárìn gan. Ó tẹ bíréèkì; ẹsẹ̀ rẹ̀ rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ba bíréèkì jẹ́. Ọ̀gbun ń bọ̀ lápá òsì. Ó fi àyà ti sítíárìn sápá ọ̀tún, ọkọ̀ ha ara rẹ̀ mọ́ àpáta, ó kó sí gọ́tà. Kò sí ẹni tó ṣèṣe. Ìbídùn kàn wo ojú rẹ̀.

“Aago mẹ́jọ ni wọ́n fún mi,” ló wí.

Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń kọjá, kíkún ni gbogbo wọn. Ọ̀sán ti pọ́n kí ọ̀kan tó dúró, ti Ìyá Adétòkí ni. Kò béèrè ohunkóhun. Ó kó apẹ̀rẹ̀ ọsàn rẹ̀ sílẹ̀ sínú koríko, ó tẹ́ aṣọ, ó gbé Ìbídùn wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Fálùyì jókòó níwájú. Ó ń wo ọwọ́ ìyá àgbà náà lórí sítíárìn, tó ń yí i bí ẹni ń ṣí ojú ewé ìwé.

“Kí ni Akínlolú ṣe sí i, Ìyá?”

“Wáyà dúdú kan ni. Ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lórí. Ó tú u, ó ha ibi tó so mọ́ títí ó fi ń dán, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

Fálùyì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Nígbà tí wọ́n dé Adó, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló wà nínú ẹ̀rọ, àwọn mìíràn sì ti tò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìbídùn kò rí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ló kú, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀.

Kò sí ibòmíràn tí wọn yóò sin ín sí àyàfi inú ọgbà tó mọ. Fálùyì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ògúndáre. Ògúndáre ti gbé ṣọ́bìrì dání.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Wọ́n ní láti wó ọgbà náà lápá kan kí pósí tó lè wọlé.

Ìyá Adétòkí rú ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, àlàáfíà ló ń bá a rìn, ọjà rẹ̀ sì gbòòrò. Ó ti béèrè pé ilẹ̀ wo. Fálùyì kò béèrè, ó fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín, ó di ẹni tí ń jókòó lẹ́bàá òkìtì kan ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti wá mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń wí báyìí.