Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ọgbà Kókò

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tọmọdé tàgbà ló ń pa á lówe, ṣùgbọ́n ta ló mọ ọgbà tí òwe náà ti jáde? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábúlé wa.

Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Òkè-Ìṣúná, àwọn arọ́kin ló ń fi orí tọ́jú ìtàn ọba. Bí arọ́kin kan bá kú, wọn a dán àwọn ọ̀dọ́ wò lójú agbo láàfin. Ẹni tí yóò gba ipò gbọ́dọ̀ ki gbogbo ọba tó ti jẹ, láti orí ẹni tó tẹ ìlú dó títí dé orí ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Nígbà tí bàbá Láníhún kú, wọ́n ní kí Láníhún wá ṣe ìdánwò fún ipò bàbá rẹ̀. Bí kò bá yege, ipò náà bọ́ lọ́wọ́ ilé wọn nìyẹn. Abíọ́nà, tí ìyá rẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ odò, ló fẹ́ bá a du ú.

Ẹ̀rù ba Láníhún dé eegun. Ó fẹ́ gbé gbogbo ọba mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jẹ obì kí oorun má baà kùn ún, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, kò jẹun kánú. Bó bá mú ọba ìkẹyìn, ti àkọ́kọ́ a ti fò lọ. Ohùn rẹ̀ há, ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn.

Abíọ́nà ńkọ́? Òun a jẹun yó, a sùn fọnfọn, a máa súfèé lọ sódò. Láníhún bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ní, ọmọ tó ń sùn tí ìdánwò ń bọ̀, ó ní ohun tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ti ń fura, gbogbo okùn ilẹ̀ ní í di ejò lójú rẹ̀. Bí Abíọ́nà bá rẹ́rìn-ín, Láníhún a ní òun ló ń fi rín. Bó bá kí àgbà arọ́kin lọ́nà, Láníhún a ní àṣírí ni wọ́n ń tú fún un.

Ló bá pa ẹ̀kọ́ tì, ó di alamí. Láràárọ̀, a lọ lúgọ sínú ọgbà kókò ìyá Abíọ́nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Abíọ́nà a da èèpo iṣu sílẹ̀ fún wọn, a dijú, a bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ọba tó ti wàjà. Láníhún bi ara rẹ̀ léèrè: Ta ní í ki ọba fún ẹlẹ́dẹ̀? Ó ní òkú ọba ló ń pè, kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ sí i létí lọ́jọ́ ìdánwò. Ìsọ̀yè nìyẹn, oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé! Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lo ìsọ̀yè, lílé ni wọ́n ń lé e kúrò lágbo. Láníhún wá ń tẹ́tí, ó ń kó gbogbo rẹ̀ sórí, kó lè fi tú àṣírí Abíọ́nà.

Nítòsí rẹ̀, abo ẹlẹ́dẹ̀ kan ń ti imú bọ àárín igi ọgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣóńṣó imú nìkan ló wọlé. Nígbà tó yá, ó kan ẹnu. Láníhún kò kà á sí. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní ẹ̀rí òun ti tó, ó fi ọgbà sílẹ̀, ó ń wá ẹlẹ́rìí kiri.

Ọjọ́ pé. Abíọ́nà ki àwọn ọba tán láìkọsẹ̀. Láníhún fò dìde. "Ẹ má gbà á o, Bàbá! Ìsọ̀yè ló lò. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

Olórí Arọ́kin, àgbàlagbà tí kì í kánjú, wò ó. "Kí lo gbọ́? Sọ ọ́ bó o ṣe gbọ́ ọ. Má fo ọ̀kan."

Láníhún bẹ̀rẹ̀. Ó ki ọba tó tẹ ìlú dó, ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ń bá a lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ṣi ọ̀kan pè.  Nígbà tó ku àwọn ọba ìgbẹ̀yìn, ó dúró.

"Ó tán?"

"Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn, Bàbá. Ẹlẹ́rìí ni mo lọ wá."

Abíọ́nà bú sẹ́rìn-ín. "Ìsọ̀yè kẹ̀? Ọba kan ni mò ń kọ́ lóòjọ́. Bí mo bá ti ki ti àtẹ̀yìnwá tán, màá fi ọ̀kan lé e. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fini ṣẹ̀sín béèyàn bá ṣi ọba pè. Àbí kí wọ́n fi àwọn náà jẹ arọ́kin, torí àwọn náà gbọ́ ọ?"

Ìyá rẹ̀ ké láàárín èrò. "Ẹ dúró ná! Inú ọgbà mi lo wà, Láníhún? Ìṣojú ẹ báyìí ni ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wọlé jẹ kókò mi tán?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Imú lásán ni mo rí. Mo ní kí ni imú lè ṣe."

Olórí Arọ́kin mi orí. "Ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọba ṣe wọ orí ìwọ tí obì àti omi tútù kò ràn lọ́wọ́. Ká ní o kò lọ wá ẹlẹ́rìí ni, ipò bàbá rẹ ì bá má bọ́."

Abíọ́nà ló jẹ arọ́kin.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka ìwé ọdún kan mọ́jú ìdánwò, pé kó máa mú un ní kéékèèké, kó jẹun, kó sùn. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni tó rí ewu nígbà tó ṣì kéré tó ní kò tó nǹkan: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.