Ọmọ́ṣaléwá àti Ìdí Àràbà

"Ìlú tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí, ṣé ibẹ̀ ni n óò ti máa béèrè ọ̀nà? Bí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, n óò ṣáájú gbogbo yín dé!"

Ọmọ́ṣaléwá ló sọ bẹ́ẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń na ẹsẹ̀ kí eré ìje ọdọọdún tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin nìkan ló ń sá eré náà, láti ìpẹ̀kun kan ìgboro dé ìkejì. Kò sẹ́ni tó lè pe Ọmọ́ṣaléwá ní òpùrọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì rèé, ẹ ti gbọ́ ọ.

Aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn èèyàn jẹun. Ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò lè fọwọ́ kan ata mọ́. Lọ́dún náà, ìjọba ìlú ṣèlérí pé ẹni tó bá gbégbá orókè yóò di olùkọ́ eré ìdárayá, yóò máa gba owó oṣù títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sì ti pé ogójì ọdún kò gbọdọ̀ sá eré náà mọ́. Ọmọ́ṣaléwá yóò pé ogójì kí ọdún tó yípo. Bí kò bá borí lọ́jọ́ náà, ìdí ọpọ́n ìfọṣọ ni yóò kú sí.

Bàbá Fèrè, àgbàlagbà tó ń ṣètò eré náà, gun orí àpótí. "Ẹ̀yin ìyá wa, wọ́n ń tún ọ̀nà tàtijọ́ ṣe, a ti yí ọ̀nà eré padà. Bí ẹ bá ti kọjá afárá, ẹ yà sọ́tùn-ún nídìí àràbà."

Sẹ̀míátù, àlejò tó wá láti Ìlọrin, nawọ́ sókè. "Bàbá, ẹ má bínú o. Àràbà wo ni?"

Ọmọ́ṣaléwá bú sẹ́rìn-ín. "Àràbà wo! Ta ni kò mọ Ìdí-Àràbà? Àbúrò, sáà máa tọ eruku ẹsẹ̀ mi bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá wá rí eruku yín ńkọ́?"

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Kò tijú, ó tọ Bàbá Fèrè lọ, ó ní kó tún un sọ.

Nígbà tí fèrè dún, Ọmọ́ṣaléwá fò lọ bí ẹtu. Nígbà tó fi kọjá afárá, kò gbọ́ mímí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mọ́. Igi àràbà ràbàtà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó máa fi àsíá júwe ọ̀nà kọ̀yìn sí títì, ó ń tú okùn àsíá tó lọ́ pọ̀, kò rò pé ẹnikẹ́ni lè tètè dé bẹ́ẹ̀. Ọkàn Ọmọ́ṣaléwá ní kó béèrè. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ onílùú fẹ́ bi léèrè ọ̀nà lójú gbogbo ayé? Ó kọjá.

Nígbà tó dé àdúgbò Ìdí-Àràbà, ilé epo ló bá níbẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà.

"Màmá, ta ló ń lé yín?"

"Àwọn eléré ìje dà?"

"Wọ́n ní ìdí àràbà ni wọ́n gbà."

"Ṣé Ìdí-Àràbà kọ́ nìyí ni?"

"Orúkọ ibí ni. Ṣé ẹ rí àràbà kankan?"

Kò sí. Igi náà ti wó kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀.

Nígbà tó fi padà dé ibi tí eré parí sí, wọ́n ń gbá ilẹ̀. Sẹ̀míátù ti gba iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ kò dun Ọmọ́ṣaléwá rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Fèrè ń wá ẹni tí yóò di àsíá mú lábẹ́ àràbà. Ó ní ẹni tí kò lè gbàgbé ibẹ̀ láé lòun ń fẹ́. Ọmọ́ṣaléwá ló dúró síbẹ̀ nínú ooru. Olùkọ́ Sẹ̀míátù kọjá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró."

"Ẹ ṣé, Olùkọ́."

Obìnrin tó ṣáájú sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mọ́mì, ṣé àràbà yìí náà ni?"

"Òun náà ni. Yà sọ́tùn-ún."

Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí i fi pòwe pé: àbèèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà, ẹni tí kò lè béèrè ní ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.