Ògiri Tí Kò Ráàyè Gbẹ

Ọkùnrin alágbára kan wà ní ìletò kan, ó sì ṣèlérí ilé fún ìyá rẹ̀. Ilé tí ìyá náà ń gbé ti ń jò. Nígbà òjò, abọ́ ni ó máa ń gbé yí ibùsùn rẹ̀ ká, á sì jókòó títí òjò yóò fi dá. Ọmọ náà wí fún un pé, "Ìyá mi, òjò tó ń bọ̀ yìí ò ní bá yín nínú ilé yìí." Ìyá náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀rùn dé. Ìgbà ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mọ ilé amọ̀, kò sí ará ìletò náà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í mọ ọ́n tán lẹ́ẹ̀kan. Wọn á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọn á mọ ìpele kan yí ìpìlẹ̀ ká, kò ní ju orúnkún lọ. Wọn á wá fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Nígbà tó bá gbẹ dénú, wọn á gbé ìpele mìíràn lé e. Iṣẹ́ náà kò wúwo, kò kàn ṣeé kánjú ni.

Ọkùnrin yìí mọ ìpele kìíní, ó sì dára. Lẹ́yìn èyí, ó lọ jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi. Ìpele náà gbẹ, ó gbẹ kọjá gbígbẹ, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Onílé, ṣé ewúrẹ́ lo ń kọ́lé fún ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n ta ayò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń mọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹyẹ, ọjọ́ tí mo bá gbé ọwọ́ lé e, ẹ ó pe ara yín wá wò ó."

Ìyá rẹ̀ a máa gba ibẹ̀ kọjá bó bá ń ti odò bọ̀. Á dúró, á fi ọwọ́ kan ògiri náà.

"Ọmọ mi, ẹ̀rùn ń lọ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá mi. Ṣé ẹ ò mọ agbára ọmọ yín ni?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi gbé omi rẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ tutù. Ọkùnrin náà fò dìde nídìí ayò, ẹ̀rù sì bà á. Ó bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ jáde fún un. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Kò jẹun ọ̀sán, kò sùn tó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó nínú amọ̀. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á ní kò sí akíkanjú bíi tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ìpele kan tán ni wọ́n ń gbé òmíràn lé e ní tútù.

Bàbá àgbà kan tó ń gbé nítòsí wá fi ìka tẹ ògiri náà. Ìka rẹ̀ wọlé.

"Eléyìí ò tíì gbẹ o."

"Baba, oòrùn kan náà ni yóò gbẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà gba ilé rẹ̀ lọ.

Ògiri dúró. Wọ́n kan páànù lé e. Ọkùnrin náà ra sìmẹ́ńtì, ó fi rẹ́ ẹ nínú lóde, ó dán. Àwọn tó ń mọ tiwọn díẹ̀díẹ̀ kò tíì rẹ́ tiwọn, tirẹ̀ ló wá rẹwà jù. Àwọn èèyàn yìn ín. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà yí ilé náà ká kó tó kó wọ inú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan tó kàn án lára. Ó ní òun ti jèrè ọmọ.

Sìmẹ́ńtì ti sé omi mọ́ inú ògiri. Kò sẹ́ni tó rí i.

Òjò tó wó ilé náà kì í ṣe òjò ńlá. Òjò wínníwínní ni, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀, àmọ́ ó rọ̀ pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà jókòó ti ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àárín ògiri yẹ̀, tòkè wó lé ìyá náà lórí. Kò ráàyè pe ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ lásán ni ọmọ rẹ̀ fi ń wa á. Amọ̀ náà ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ní rírọ̀, bíi ti ọjọ́ tí wọ́n pò ó. Nígbà tó fi máa kàn án, ìyá náà ti kú. Agbára ọkùnrin náà pé síbẹ̀, kò sì rí nǹkan kan fi ṣe fún un mọ́.

Ọmọ mi, ìwọ tí o ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwọ ni mo ń bá wí. Orí rẹ pé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lójú rẹ, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo gbọ́ tí o ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé, "Ṣebí ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni èèyàn ń kàwé." Ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́ lónìí, tí a kà lónìí, tí a sùn lé lórí, tí a tún fi bi ara wa léèrè lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ló ń gbẹ síni nínú. Èyí tí a kó lé ara wọn nígbà tí ìdánwò dé, tútù ló wà. Bí o bá máa gbé fóònù jù sílẹ̀, gbé e jù sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa lé ọ. Bí ohun tí olùkọ́ sọ kò bá yé ọ, béèrè níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ tí wọn ò ní pe orúkọ. Sì máa sùn, ọmọ mi.

Mi ò sọ pé o ò ní yege. O lè yege. Ilé yẹn náà dúró, wọ́n sì yìn ín. Wọ́n á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, wàá wọ aṣọ funfun, èmi náà á jó. Ìdánwò kọ́ ni òjò. Òjò ni ọjọ́ tí wọ́n bá gbé aboyún kan wọlé, tí dókítà ò sí nítòsí, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí gbogbo ojú ń wò ọ́. Kò ní sí àyè láti ṣíwèé.

Mò ń gbàdúrà fún ọ, mi ò sì ní dákẹ́. Ìyá yẹn náà gbàdúrà. Ọlọ́run dá a lóhùn. Ẹ̀rùn tí Ọlọ́run fi ránṣẹ́ ni ọmọ rẹ̀ fi ta ayò.

Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Bó bá kú, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n á gbé òkú wọn lọ, wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o gbìyànjú. Ìwọ á mọ̀. Ọlọ́run náà á mọ̀.