Òkété àti Ààrò Tó Ń Ṣáàjì Fóònù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbè é kó dún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nírọ̀lẹ́ òní ń bí mi nínú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn oorun dá mi lóhùn. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìrì, ó fò kọjá ilé ọ̀lawọ́, kò yà níbẹ̀. Ilé Òkété ahun ló lọ bà lé. Ó bà lé Ọ̀yà pẹ̀lú, ìyá Àwẹ̀ró, ẹni tí Òkété fi ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Láyé ọjọ́un, gbogbo ẹranko ló ń dáná. Ẹni tí iná rẹ̀ bá kú á mú àpáàdì, á lọ sílé aládùúgbò, á fọnná. Wọn kì í ní kó padà wá lọ́la. Wọn kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹranko sì ní fóònù. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Nínú àlọ́ tèmi, wọ́n ní fóònù. Ìṣòro wọn ni pé kò sí iná mọ̀nàmọ́ná nínú igbó. Bí bátìrì bá kú, fóònù á di òkúta lásán lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn kan wá pàgọ́ sétí odò. Wọ́n sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ọ̀yà wá já koríko níbẹ̀, ó sì rí ohun tí wọ́n gbàgbé. Ààrò onírin kékeré kan ni, kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ó ní fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní ihò tí ẹnu wáyà lè wọ̀.

Ọ̀yà ì bá gbé e pamọ́. Kò gbé e pamọ́. Ó ké sí gbogbo ará igbó. Ọ̀bọ, tó ti ń yọjú wo àwọn èèyàn náà láti orí igi, ló ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. "Igi wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kì sí i. Bí iná rẹ̀ bá ti mú, ọbẹ̀ á máa hó lórí, fóònù á máa ṣáàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Inú gbogbo wọn dùn. Òkété rọra tẹ̀ síwájú.

"Ẹ̀yin ará mi, òjò ń bọ̀," ó wí. "Ṣé gbangba la máa gbé irin sí kó dípẹtà? Inú ilẹ̀ nilé mi wà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹ pa ààrò ilé yín, ẹ sinmi iná fífẹ́. Iná kan ti tó gbogbo wa."

Ọ̀bọ ní ó dára. Ẹtu ní ó dára. Ọ̀yà náà ní ó dára, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ títí dòní torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín ni Òkété fi ń kí gbogbo ẹni tó bá dé. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí ààrò gbogbo ilé ti tutù tán, ó jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń bọ̀ lọ́nà ilé mi?
*Jó, iná, jó.*
Ṣó rugi, àbí kò rugi?
*Jó, iná, jó.*
Ṣíbí àkọ́kọ́, tèmi ni,
*Jó, iná, jó.*
Ẹni ò mú wá, kó padà,
*Jó, iná, jó.*

Ẹ gbọ́ nǹkan. Iná tí à ń fọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ayébáyé, Òkété sọ ọ́ di ohun tí à ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Ẹni tó bá mú fóònù wá á ru ìdì igi kan. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ wá, Òkété á kọ́kọ́ bu ṣíbí kan, ṣíbí rẹ̀ sì tó igbá. Wọ́n ń kùn, àmọ́ wọ́n ń san án. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ọ̀yà kò bímọ méjì, Àwẹ̀ró nìkan ló bí. Ọmọ náà ti lọ́kọ sí òdìkejì odò, ìrìn ọjọ́ kan gbáko, ó sì lóyún àkọ́bí. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá mi, bí mo bá ti ń rọbí, mo máa pè yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ mi."

Ọ̀yà ní, "Ọwọ́ mi yìí ló máa wẹ̀ ẹ́."

Òjò wá dé. Ó rọ̀ títí, kò dá. Fóònù Ọ̀yà kú. Ó ṣa igi tútù, torí kò sí gbígbẹ mọ́ nínú igbó, ó rù ú lọ sọ́dọ̀ Òkété.

"Ọmọ mi fẹ́ bímọ," ó wí. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí fóònù yìí rí iná díẹ̀."

Òkété gba fóònù náà, ó tì í sábẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì ń ṣáàjì tirẹ̀ lọ. "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀yà padà. Òkété ní ìdì àná kò tó, kó lọ mú òmíràn wá. Ó mú òmíràn wá. Lọ́jọ́ kẹta, Òkété ní igi rẹ̀ tutù jù, gbígbẹ lòun fẹ́. Kí ni Ọ̀yà máa ṣe? Ó délé, ó wó ibùsùn ara rẹ̀, torí igi ibùsùn yẹn nìkan ni igi gbígbẹ tó kù nílé rẹ̀. Ó gbé e lọ. Òkété gbà á, kò tilẹ̀ béèrè ibi tó ti rí i.

Ó ki wáyà bọ fóònù Ọ̀yà. Nígbà tó tàn, ìpè méje ló wà lórí rẹ̀. Bí Ọ̀yà ṣe ń wò ó lọ́wọ́, ìkẹjọ wọlé.

"Àwẹ̀ró, ṣé o ti bí?"

"Mo ti bí láti àná, ìyá mi. Odò kún mọ́ ọkọ mi lóko, òrùlé sì ń jò."

"Ta ló wẹ ọmọ?"

"Òjò ló wẹ̀ ẹ́. Iná wa ti kú, ara rẹ̀ sì ti ń tutù."

Ọ̀yà fi fóònù sílẹ̀. Inú tó bí i kò jẹ́ kó sunkún. Ó mú àpáàdì, ó nà án sí Òkété. "Fún mi ní ẹyin iná. Mo fẹ́ gbé e lọ fún ọmọ tuntun."

"Ìdì igi kan," Òkété dáhùn.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí. Ọmọ tuntun. Ìdì igi kan.

"Òkété, ìwà rẹ nìyí," Ọ̀yà wí. "Èmi ni mo rí ààrò yìí. Èmi ni mo pè ọ́ wá wò ó. Ibùsùn mi lo fi ń dáná yìí, o sì ń ta iná rẹ̀ fún mi." Ó yíjú sọ́nà, ó fi igbe ta. Gbogbo ará igbó jáde sínú òjò. Ó sọ ọ́ fún wọn, òjò ló wẹ ọmọ Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tó kùn mọ́. Wọ́n ń bọ̀ wá bá Òkété.

Òkété sáré wọ ihò. Ó fa gbogbo ìdì igi tútù tó ti gbà, ó kì wọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà pinpin, débi tí wọ́n kan ààrò nínú. "Ẹ wọlé wá," ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Igi yín wà lọ́wọ́ mi. Iná yín wà lọ́wọ́ mi."

Igi tútù bá kan iná. Kò jó. Èéfín ló ń rú. Fáànù ààrò ń fẹ́ ẹ, èéfín ń pọ̀ sí i, kò sì sí ibi tó máa gbà jáde, torí igi ìṣákọ́lẹ̀ ti dí ọ̀nà. Òkété wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin:

Ẹ kógi kúrò lọ́nà mi,
*Jó, iná, jó.*
Èéfín fẹ́ pa mí mọ́lé,
*Jó, iná, jó.*

Ọ̀yà dá a lóhùn látìta, ó sì rọra ń kọ ọ́:

Ta ló ń ké lọ́nà ilé mi?
*Jó, iná, jó.*
Ṣó rugi, àbí kò rugi?
*Jó, iná, jó.*

Kò sẹ́ni tó mú igi kan kúrò. Ṣé ẹ̀yin ì bá mú un? Èmi ò ní mú un.

Òkété fi èékánná walẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó wa á títí ó fi yọrí sínú oko àgbẹ̀ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wúkọ́. Àgbẹ̀ náà rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí Òkété níwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé èéfín ló lé e jáde, ó sì mi orí.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀yà fúnra rẹ̀ wá tú igi ẹnu ọ̀nà. Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ó ki ọwọ́ bọ inú èéfín, ó fọn ẹyin iná mẹ́ta, ó fi ìkòkò dé e, ó sì rìn tọ̀sán-tòru nínú òjò. Ọ̀bọ gbé e sọdá odò, kò béèrè nǹkan kan. Ọ̀yà gbé omi kaná, ó wẹ ọmọ Àwẹ̀ró. Ọmọ náà gbóná díẹ̀díẹ̀, ó sì ké.

Ìdí nìyí tí ihò Òkété fi ní ẹnu méjì títí dòní. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ kì í fi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pé òun ń gbẹ́ ẹ. Á dáná sí ẹnu ihò kan, á fẹ́ èéfín wọlé, á mú igi, á lọ dúró de Òkété lẹ́nu ihò kejì. Iná tó fi du ọmọ tuntun, òun ni wọ́n ń gbé lọ bá a nílé, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí àlọ́ mi kúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí iná kú mọ́ mi láàrò, kí n má rẹ́ni fún mi níná. Bí mi ò bá parọ́, ẹ lọ dúró lẹ́nu ihò rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ikọ́ Òkété.