Láoyè Tí Kì Í Gbàgbé

"Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré." Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí rẹ̀ nínú yín? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Láoyè. Ọ̀ta ayò ni, àmọ́ kò sí ohun tí í bọ́ lórí rẹ̀. Nídìí ayò, èébú àti yẹ̀yẹ́ kò lópin, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ọpọ́n, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ti Láoyè kì í tán. Yóò kàn dédé sọ fún ẹnìkan pé, "Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, o jí ọmọ ayò kan mọ́wọ́." Báyìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ọdẹ́jìnmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Lọ́jọ́ tí Láoyè ka ẹ̀ṣẹ̀ ogún ọdún sí òun náà lọ́rùn, Ọdẹ́jìnmí gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù méjì gbáko ni Láoyè fi dá ayò ta, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ọwọ́ òsì ta á. Ó ká a lára, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ń fọ irú lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ pariwo pé, "Olè! Bí o ṣe ṣe lánàá nìyí!" Ó yọjú. Ọwọ́ òsì ara rẹ̀ ni Láoyè ń bá wí!

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àwẹ̀ró. Ó gbé ajere tó fi ń fọ irú wá síwájú rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ wo omi ìdọ̀tí tó ń jò yìí. Bí ajere ò bá níhò, ṣé irú yìí á ṣe é jẹ? Ẹlẹ́dàá tó fún wa lórí ló dá ihò sí i. Ẹ̀yin lẹ lọ dí tiyín."

Láoyè dìde. Ó gbé ọpọ́n há abíyá, ó di ilé Ọdẹ́jìnmí.

"Kí lo tún rántí?" ni Ọdẹ́jìnmí fi pàdé rẹ̀.

"Mo ti gbàgbé," ni Láoyè wí.

Irọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ló rántí, títí kan àwọ̀ dàńṣíkí tí Ọdẹ́jìnmí wọ̀ lọ́jọ́ náà lógún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n ta ayò, Ọdẹ́jìnmí sì tún fi ọmọ ayò kan pamọ́ sáàárín ìka. Láoyè rí i, ó bú u dáadáa, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Nígbà tí wọ́n gbé ọpọ́n, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun tètè dé lọ́la. Àwọn aládùúgbò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ ogún ọdún ńkọ́. Ó ní, "Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré."

Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ti parí láàárín ọ̀rẹ́ méjì tàbí tọkọtaya, tí ẹnìkan ṣì ń hú u jáde ṣáá, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa fún un. Wọ́n mọ̀ pé ó rántí. Wọ́n kàn ní kó jẹ́ kó jò lọ ni.