Ọtí Dúdú Tí Ajíṣafẹ́ Pọn

Ajíṣafẹ́ pọn ọtí dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì, àgbá irin ọlọ́tí, ó sì so ó mọ́ sílíńdà gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ sínú ọtí. Oríṣi gáàsì méjì ló wà nínú rẹ̀, bí ẹ̀wà àti àgbàdo inú àdàlú: ọ̀kan ń mú kí ọtí ta lẹ́nu, èkejì ń mú kí ìfófó rẹ̀ kúnná.

Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ṣí i díẹ̀, kó máa wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀? Ṣebí òní ni bàbá rẹ ń bọ̀!"

Ó ṣí gáàsì tán pátápátá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́ra, ó ń mì í bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kí gáàsì lè tètè wọ inú ọtí.

Àna dé tòun ti agbádá funfun. Ọlọ́tí ló sì ń kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò kí àlejò tó mu. Ajíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbẹ́nu sábẹ́ ẹ̀rọ tí ọtí ń gbà jáde lára kẹ́ẹ̀gì, ó ṣí i. Yéè! Ìfófó gba imú rẹ̀ jáde. Ó fò sẹ́yìn láìti ẹ̀rọ, ni ọtí bá tú lu àna láti fìlà dé bàtà.

Bàbá rọra lá irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó dùn o, àna mi. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwẹ̀ lẹ pè mí wá wẹ̀, kànìnkànìn dà?"